Bí Bàbá Aláago Ṣe Wá Ìpìlẹ̀ Ilé Rẹ̀ Rí

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo, tó ń tún aago ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀: bí oníbàárà méjì bá wà nínú rẹ̀, ẹnì kẹta á dúró síta. Abẹ́ fèrèsé ni tábìlì náà wà, agolo kéékèèké sì tò sórí rẹ̀, ọwọ́ aago nínú ọ̀kan, síkúrù tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ nínú ìkejì, gíláàsì aago oríṣiríṣi nínú ìkẹta. Tó bá ti fi awò kékeré há ojú ọ̀tún, mímí gan-an á di jẹ́jẹ́, kí èémí rẹ̀ má baà gbé nǹkan lọ. Bàbá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló máa bẹ̀ yín.

Ìyàwó rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kì í ṣe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìntì, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Lẹ́tà títí dòní. Ogún ọdún ló fi ń kó lẹ́tà tó nílò ìfọwọ́sí lé àwọn tó ni ín lọ́wọ́, kò sì sí ajá, géètì tàbí ọ̀gá ńlá tó dí i lọ́nà rí. Èmi ni àbúrò rẹ̀. Takisí ni mò ń wà, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi kòrókòró nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà, tọkọtaya yìí kọ́ ilé tiwọn. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀, ilé ìdáná tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn. Agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ọ fún wọn mọ ọ̀rọ̀ sọ ju bó ṣe mọ ilé kọ́ lọ. Ẹ bi í nípa òrùlé, á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀." Ẹ bi í nípa omi, "Ẹ fọkàn balẹ̀." Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn sílé náà, a ti sọ ọ́ ní Fọkànbalẹ̀. Lọ́jọ́ tó kó kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré. Ó ní kí n wá gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ilé onílé ṣe ń dún yàtọ̀ sí ti ilé ẹni.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ni ilẹ̀kùn yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ férémù. Ọkọ fi ejìká tì í, ìyàwó fi ẹsẹ̀ tì í. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi ké láti inú yàrá:

"Bàbá wọn! Ẹ wá wo ògiri, ó ti ń rẹ́rìn-ín."

Sísán kan ti bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, ó ń ti orí búlọ́ọ̀kù kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Fọkànbalẹ̀ wá, ó po sìmẹ́ńtì ìwọ̀n abọ́ kan, ó fi rẹ́ ẹ, ó kùn ún lọ́dà, ó lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnu tún là. Nígbà tí wọ́n pè é lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ilé tuntun máa ń jókòó díẹ̀ ni. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ilé wo ló ń jókòó?" ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ìrìn wo ló rìn tó fi rẹ̀ ẹ́?"

Ti Bàbá Aláago yàtọ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú gíláàsì aago tẹ́ẹ́rẹ́ kan wálé, ó sì fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ sórí sísán náà, etí kan lápá ọ̀tún, etí kejì lápá òsì. Ó kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló wà fún.

"Gíláàsì kì í nà," ó ní. "Bí ògiri bá ti jókòó tán lóòótọ́, gíláàsì á wà bó ṣe wà. Bó bá ṣì ń rìn, gíláàsì á fọ́."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí a ti ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, a gbọ́ "pá!" nínú yàrá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré wọlé. Gíláàsì ti pín sí méjì. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ńṣe ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń pàtẹ́wọ́.

"Ó ń rìn! Mo mọ̀ pé ó ń rìn!"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. "Ilé wa ń lọ, ẹ̀ ń yọ̀?"

"N ò yọ̀. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é ni."

Ó kó àfọ́kù náà sínú páálí ìṣáná, ó kọ ọjọ́ tó lẹ̀ ẹ́ àti ọjọ́ tó fọ́ sí i lára, ó sì lẹ òmíràn. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi kọjá dáadáa, páálí ìṣáná méje ló tò sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn páálí yìí ni obìnrin kan rí lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, nígbà tó wá gba aago tí bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé fi sílẹ̀ fún un. Lọ́yà ni, ojú rẹ̀ sì yá.

"Bàbá, irú ìṣáná wo lẹ kọ ọjọ́ sí lára báyìí?"

Bàbá Aláago ṣí ọ̀kan, ó sì rọra ṣàlàyé. Kó tó débi àfọ́kù kẹta, obìnrin náà ti gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó kọ́ ilé yẹn?"

"Ó wà nílé."

"Ọjọ́ wo ló kó kọ́kọ́rọ́ fún yín?"

Ó sọ ọ́. Bí lọ́yà ṣe ka oṣù lórí ìka rẹ̀ tán, ohùn rẹ̀ yí padà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ilé. Kí wọ́n gbé ìwé náà wá kíá."

Èmi ni mo gbé ẹ̀gbọ́n mi àti ìwé náà dé ṣọ́ọ̀bù. Lọ́yà fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní, ó ń ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ní ojú ewé kẹrin, ìka dúró.

"Ẹ gbọ́ o. Àbùkù èyíkéyìí tó bá yọjú láàárín oṣù méjìlá, tí ẹ bá ti fi ìwé sọ fún un kí oṣù méjìlá ọ̀hún tó pé, dandan ni kó wá tún un ṣe lówó ara rẹ̀. Ìwé ni wọ́n kọ síbí. Kì í ṣe fóònù. Ọjọ́rú lòní. Ọjọ́ Ẹtì ni oṣù méjìlá pé."

Gbogbo aago tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ń dún kì-kì-kì, bí ẹni ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tí Ọjọ́ Ẹtì bá kọjá ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

"Ọ̀nà ò dí pátápátá, Màmá. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni àbùkù náà fara pamọ́, ẹ ṣì lè pe ẹjọ́. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa máa sáré tẹ̀ lé e kiri nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká mú un nígbà tí ìwé yìí ṣì dì í lọ́wọ́ mú. Tó bá kọ̀, ìwé yín ní ká kọ́kọ́ lọ síwájú olùlàjà. Tí ìyẹn ò bá yanjú, ilé ẹjọ́ ò lọ síbì kan." Ó yíjú sí Bàbá Aláago. "Ẹ má fọwọ́ kan ògiri yẹn o. Ẹ má rẹ́ ẹ, ẹ má kùn ún, kódà kó ti ẹ̀ bí yín nínú. Ẹ̀rí yín nìyẹn."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni lọ́yà tẹ lẹ́tà sí Fọkànbalẹ̀, ó kọ ohun tó bà jẹ́ àti ibi tó wà síbẹ̀, ó fi àwòrán kún un. Lọ́jọ́bọ̀, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì Fọkànbalẹ̀. Àgádágodo ńlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà. A pè é, fóònù rẹ̀ kú. A padà lọ nírọ̀lẹ́, àgádágodo náà ṣì wà níbẹ̀, ó dúró digbí.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà pẹlẹbẹ tó fi ń pín lẹ́tà nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìwé kan tó fi ń gba ìfọwọ́sí dání, ó jókòó sẹ́yìn takisí bí ìyáàfin gómìnà.

"Àbúrò, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù là ń lọ."

"Kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀, Àǹtí?"

"Ẹni tó ń kọ́lé lè pa fóònù. Kò lè pa búlọ́ọ̀kù."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé jíà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rí bẹ́ẹ̀! Ibi búlọ́ọ̀kù kẹta tí a dé, ẹni tó ń kó o jáde sọ pé ọkọ̀ ńlá tó wà níwájú wa yẹn, ti Fọkànbalẹ̀ ló kó. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ọkọ̀ náà ti ń lọ.

"Tẹ̀ lé e!"

Mo tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ yẹn tú eruku sí wa lójú, ó yà sọ́tùn-ún, mo yà sọ́tùn-ún. Ó gba ojú ọ̀nà kan tó kún fún kòtò, ẹ̀gbọ́n mi ń fò lẹ́yìn bí àgbàdo inú agbada, kò sì sọ pé kí n rọra. Iná ojú pópó fẹ́ dá wa dúró, ó yí padà lásìkò tó yẹ. Nígbà tí ọkọ̀ náà dúró, iwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni, aago mẹ́ta sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Fọkànbalẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Akoto funfun wà lórí rẹ̀, ó ń nawọ́ sí òkè, ó ń nawọ́ sísàlẹ̀, ó ń ṣàlàyé ilé fún tọkọtaya kan tí aṣọ wọn mọ́. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ tó nà sókè kò mọ ibi tó máa bọ́ sí mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, pẹ̀lú ẹ̀rín tó fi ń kí ọ̀gá àgbà nílé ìfìwéránṣẹ́. "Lẹ́tà yín rèé."

"Á à, Màmá! Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ fi sórí búlọ́ọ̀kù yẹn."

"Èmi ò fi lẹ́tà sórí búlọ́ọ̀kù rí. Ẹ fọwọ́ sí i fún mi níbí, kí ẹ kọ ọjọ́ àti aago."

"Màmá, mò ń bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀…"

Obìnrin tí aṣọ rẹ̀ mọ́ yẹn na ọrùn. "Lẹ́tà kí ni, Màmá?"

"Ti ilé tí wọ́n kọ́ fún wa ni. Kò pọ̀. Ògiri yàrá kan péré ló ń yà kúrò lára ìyókù."

Fọkànbalẹ̀ gba bírò. Ó fọwọ́ sí i kíákíá, ó kọ ọjọ́, ó kọ "aago mẹ́ta". Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ atẹ́gùn sí íńkì náà kó lè gbẹ, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó kí gbogbo wọn pé ó dàbọ̀. Àfi ìgbà tó wọ inú takisí ló pariwo! Ó gbá àga iwájú ní ẹ̀ṣẹ́. "Mo fún un! Mo fún un lọ́wọ́, ó gbà á!"

Bí mo ṣe fẹ́ ṣíná sí ọkọ̀, ẹnì kan kan gíláàsì mi. Bíríkìlà kan ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ lápá. Ó wẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé ilé yẹn, èyí tó ní fèrèsé ìdáná níhà ìlà-oòrùn? Èmi wà lára àwọn tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbẹ́ igun yàrá yẹn wò." Ó sì yára padà sídìí iṣẹ́.

Lọ́yà mú ẹnjiníà kan wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó ti kọ̀wé pe Fọkànbalẹ̀ pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i, kó má baà sọ pé ẹ̀yìn òun la ti gbẹ́ ẹ. Kò wá. Ẹnjiníà tẹ́ pílánù ilé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì takisí mi.

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n yà síbí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nílẹ̀."

Òṣìṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igun yàrá náà níta. Gbogbo wa rọ̀gbà yí wọn ká. Ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kan ààbọ̀. Lọ́yà ń ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú wọn ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ kọnkéré. Ọwọ́ náà wọlé títí dé ìgúnpá.

"Ó ti tán!" ó kígbe. "Iyẹ̀pẹ̀ ni mò ń fọwọ́ bà yìí! Kò sí nǹkan lábẹ́ ẹ̀ mọ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta. Bàbá Aláago bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu kòtò, ó sì fi téèpù wọn ọ́n fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ méjì àti ìǹṣì kan.

Nígbà tí kò wá tún ilé náà ṣe, iwájú olùlàjà la ti bá Fọkànbalẹ̀ pàdé. Obìnrin àgbàlagbà tó ti ṣe adájọ́ rí ni olùlàjà náà. Yàrá gígùn kan ni, tábìlì gígùn kan, fáànù tó ń ké wín-ín-wín-ín, omi inú ike níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà Fọkànbalẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ojú ògiri lásán ló sán, ó ní bóyá àwọn onílé ló ń da omi sídìí ilé, ó ní ilé náà ti jókòó tán, kò rìn mọ́.

Lọ́yà wa fọwọ́ tọ́ Bàbá Aláago. Ọkùnrin yìí kì í lè sọ̀rọ̀ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lójú àlejò. Ó dìde. Ó to páálí ìṣáná sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣí wọn, ó sì sọ ọjọ́ tó lẹ ìkọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó fọ́. Èkíní lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èyí tó kẹ́yìn lo mẹ́rin.

"Gíláàsì ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa," ó ní. "Kò gba tèmi, kò gba ti ọ̀gá agbaṣẹ́ṣe. Ilé náà ń rìn, ó sì ń yára sí i."

Ó jókòó. Olùlàjà gbé àfọ́kù kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó wá yíjú sí Fọkànbalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mélòó lẹ gbẹ́?"

"Mẹ́rin, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ẹ fi ọkàn mi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mélòó?"

Ibi tó ti ń wá ìdáhùn ni ilẹ̀kùn ti ṣí, tí bíríkìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wọlé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ọkọ̀ ló dá òun dúró. Lọ́yà wa ti wá a rí, ṣùgbọ́n kò dá wa lójú pé yóò wá. Ó dúró lórí ìdúró, kò jókòó.

"Màmá adájọ́, a gbẹ́ ẹ dé ẹsẹ̀ méjì, òjò dé. Kòtò kún fún omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá ní iṣẹ́ mìíràn ń dúró, ká da kọnkéré sí i bẹ́ẹ̀. Mo ní kò tó. Ọ̀gá ní…" Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀gá ní kí n fọkàn balẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu. Olùlàjà gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú Fọkànbalẹ̀ ni mò ń wò. Ó fọwọ́ nu iwájú orí. Lọ́yà rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dá a dúró.

"Òótọ́ ló sọ," ó ní. "Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo gbà papọ̀ lọ́dún yẹn. Mo rò pé á gbé e."

Wàhálà tó kù, inú ilé wa ló ti wá. Nígbà tí wọ́n fún wa láyè láti dá ìpinnu ṣe, ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlàjà mọ́. "Ó ti jẹ́wọ́! Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ẹjọ́, kí gbogbo ayé gbọ́!"

Ọkọ rẹ̀ mú un lọ́wọ́. "Ìyá Lẹ́tà, èmi ò fẹ́ kí ayé gbọ́. Ilé mi ni mo fẹ́ sùn sí."

"Ẹ lè rí méjèèjì, Màmá," ni lọ́yà wí. "Ẹjọ́ lè pẹ́, ògiri yín ò sì ní dúró dè é. A ó kọ àdéhùn tuntun, a ó gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n lù ú lóǹtẹ̀. Bó bá yẹ̀ ẹ́, á dà bí ìgbà tó tàpá sí àṣẹ adájọ́. Ẹnjiníà yín láá máa dúró tì í, kì í ṣe tiẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi rò ó. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sọ 'ẹ fọkàn balẹ̀' nínú ọgbà mi mọ́."

Lọ́yà ní òun ò rò pé kóòtù á lu ìyẹn lóǹtẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni iṣẹ́ náà gbà, ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ sì kó wá sílé mi. Wọ́n gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ ní apá-apá tí gígùn wọn jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n to irin sí i, wọ́n da kọnkéré, wọ́n dúró kó le kí wọ́n tó bọ́ sí apá kejì, kí ilé má baà wó lé wọn lórí. Fọkànbalẹ̀ ń wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú akoto funfun rẹ̀, ó dákẹ́ bí aago tí kò ní bátìrì. Nígbà kan tí irin kù díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dáwọ́ dúró títí yóò fi pé. Ẹnjiníà kọ ìyẹn sílẹ̀. Bíríkìlà wa kò bá a ṣiṣẹ́ mọ́; ó ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, ó sì ń yà wá kí wa nígbà míì.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da èyí tó kẹ́yìn, Bàbá Aláago ká ṣòkòtò, ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò náà. Orí àti èjìká nìkan là ń rí. Ó na téèpù láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin!" Ó tún wò ó. "Ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìǹṣì méjì! Wọ́n fún wa ní èènì!"

Ariwo tó sọ yẹn ló mú àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ jáde. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè nínú kòtò, ẹrẹ̀ ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ẹ̀gbọ́n mi ń fa ọwọ́ kan, èmi ń fa èkejì, kò sì fẹ́ jáde.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló padà bó ṣe wà. Táìlì yàrá tó fọ́, wọn ò ta àwọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí náà igun kan ṣókùnkùn ju ìyókù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á tẹ́ ẹní sí i. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n padà sílé, èmi ni mo ru bẹ́ẹ̀dì wọlé. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí gbayawu láìsí ẹni tó tì í, mi ò retí bẹ́ẹ̀, ni mo bá já wọlé lójijì, mo fi orí gbá kọ́bọ́ọ̀dù.

"Rọra o!" ni ẹ̀gbọ́n mi ké láti pálọ̀.

"Orí mi ò ṣe nǹkan kan, Àǹtí!"

"Ta ló béèrè orí ẹ? Ògiri ńkọ́?"